Nọ́ńbà Chencho Lábẹ́ Àmì Eré Òkun Méjì

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ló kọ lẹ́tà Eré Òkun Méjì, ẹ sọ fún un pé Amparo tó ń ta omi èso ní ọjà Ramos Millán sọ pé irọ́ ni. Ojú mi ló ṣe. Chencho Olmedo ló kọ ọ́, orí tábìlì tí mo fi ń gé ọsàn ló sì ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé odidi oṣù méjì ni omi karọ́ọ̀tì mi fi ń rùn bí ọ̀dà.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Crescencio, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe ìyẹn nínú ọjà wa, kò sẹ́ni tó máa yíjú. Èmi ni mo gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìrìbọmi, nítorí náà compadre ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní comadre. Ìyẹn ni pé a ti di ẹbí, a sì lè bú ara wa láìsí ìjà. Ènìyàn kúkurú ni, irun tó wà lókè ètè rẹ̀ nípọn, kò sì ní bàtà kan tí ọ̀dà ò kán sí, títí kan èyí tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ pátákó kíkọ. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa tí kì í ṣe ọwọ́ Chencho ló wà lójú ògiri rẹ̀. Òun ló kun ẹlẹ́dẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín níwájú ṣọ́ọ̀bù Wenceslao alápatà, bẹ́ẹ̀ ni òun ló kun edé tó dé fìlà lójú ilé ẹlẹ́ja. Orúkọ omi èso mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, òun ló kọ wọ́n sórí pátákó funfun, tí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ èso tirẹ̀.

Nígbà tó yá ni rọ́bà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ dé. Ẹ gbé àwòrán lọ ní àárọ̀, wọn á tẹ̀ ẹ́ fún yín lọ́sàn-án, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó parí. Ojú rẹ̀ kò dára, lẹ́yìn ọdún kan ni oòrùn á ti sọ ọ́ di eérú, ṣùgbọ́n ó yá. Bí fóònù Chencho ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ nìyẹn. Ó máa ń gbé e lé orúnkún bó ṣe jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ìsọ̀ mi, ojú fóònù náà sókè, kó má baà pàdánù ìpè kankan. Bó bá dún, ọmọ rẹ̀ ni, ó fẹ́ béèrè bóyá ó ti jẹun. Mo mọ ọkùnrin yìí dáadáa. Kò fẹ́ ọlá, kò fẹ́ ipò. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí fóònù yẹn dún, kí ẹnì kan tí kò mọ̀ rí sọ pé òun ní ògiri.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú fẹ̀ǹfẹ̀ wá ra omi ọsàn lọ́wọ́ mi, kò sì mu ún. Pátákó mi ló ń wò. Mo rò pé ìjọba ló rán an wá láti wò ó bóyá pátákó náà yọ sójú ọ̀nà, mo sì ti ń to èébú sílẹ̀ fún un ní ikùn mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló bá yín kọ eléyìí?"

"Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Ó ní Itzel lorúkọ òun. Ọ́fíìsì tó ń ṣètò gbogbo ohun tí ojú máa rí níbi Eré Òkun Méjì ló ti wá: àmì eré náà, àsíá, tíkẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà àyà àwọn eléré, pátákó ojú ọ̀nà, ara bọ́ọ̀sì. Orílẹ̀-èdè mọ́kànlélógójì ló ń bọ̀ wá bá wa ṣeré, gbogbo àwọn tí òkun méjèèjì bá fọwọ́ kan, oṣù mẹ́wàá sì ni wọ́n ti fi ń ya àmì tí ẹnikẹ́ni kò gbà. Àwọn àgbà ọ́fíìsì ní ọ̀kan jọ ti báńkì. Wọ́n ní èkejì jọ ti ọṣẹ ìfọyín. Itzel ní òun ti wá rẹ̀ débi pé òun kàn ń rìn káàkiri ìlú ni, òun ń wo ògiri.

Mo yíjú sẹ́yìn, mo ní, "Compadre, ògiri rẹ dé."

Chencho ń jẹ tlacoyo, àkàrà àgbàdo tí wọ́n ki ẹ̀wà sí nínú, lọ́wọ́. Ó nu ẹnu, ó tẹ́tí sí gbogbo àlàyé ọmọbìnrin náà, ó wá béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà.

"Kí lẹ ń tà?"

"A ò ta nǹkan kan, Ọ̀gá. Eré ìdárayá ni."

"Eré yẹn, ṣé ẹ ò fẹ́ kí èèyàn wá wò ó ni?"

"A fẹ́."

"Ẹ ń tà á nìyẹn."

Ibẹ̀ ni Itzel ti rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì wá rántí omi ọsàn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pe Chencho sí ọ́fíìsì wọn. Eufrosina ìyàwó rẹ̀ lọ ẹ̀wù fún un. Wọ́n tẹ́ bébà ńlá síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó kọ A títí dé Z. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di ọ̀sán gangan ló jókòó ti bébà náà láìkọ nǹkan kan. Ó ṣàlàyé fún wọn pé òun kò kọ A rí láyé òun. A inú "tacos" lòun mọ̀, èyí tó máa ń na ẹsẹ̀ nítorí pé T fi àyè sílẹ̀ fún un. Òun sì mọ A inú "agua", ìyẹn omi, tó máa ń dúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ. A tó kàn dá wà lófuurufú, òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì wo ara wọn. Wọ́n rọra ní kó máa lọ sílé, kó lọ sinmi.

Ó dé sí ìsọ̀ mi pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀ dáadáa àti ojú tó rún. Ó ní òun ti ba nǹkan jẹ́.

"Ṣé wọ́n ní o ò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ni?" mo bi í. "Kọ odidi ọ̀rọ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá ń fẹ́ A, kí wọ́n gé e."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Omi èso mi ńkọ́? Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n."

Bí tábìlì mi ṣe di ọ́fíìsì nìyẹn. Itzel ń wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú abẹ́ àti bébà, Chencho ń kọ, èmi ń gé ọsàn ní igun tó ṣẹ́kù. Inú "zanahoria", ìyẹn karọ́ọ̀tì, ni wọ́n ti mú Z. Ọ̀pẹ̀yìnbó, "piña", ló bí Ñ. X wá láti inú "mixto", èyí tí mo máa ń po gbogbo èso tó bá ṣẹ́kù pọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí èso kankan tó ní W, a wá a títí. Ìgbà tó sú wa ni Chencho kọ orúkọ Wenceslao alápatà, wọ́n sì gé W rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí orí ọkùnrin yẹn ṣe wú. Bó bá ń gé ẹran fún èèyàn, á ní, "Ẹ rora pè mí o, mo wà nínú Eré Òkun Méjì."

Nígbà tí lẹ́tà pé, wọ́n ní kó tún ya àwòrán fún eré kọ̀ọ̀kan. Mọ́kàndínlógún ni eré tó wà níbẹ̀. Chencho kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdajì wọn, ó sì ya wọ́n bó ṣe máa ń ya ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń gbé irin ní ikùn Wenceslao. Ẹni tó ń fò sínú omi ká bí edé. Itzel rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, àwọn àgbà ọ́fíìsì tí kò gba nǹkan kan láti oṣù mẹ́wàá sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Itzel ló mú un wá, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń gbé e kalẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Licenciado Urrutia, bí a ṣe ń pe ẹni tó kàwé dé yunifásítì, ló ní kí Chencho fọwọ́ sí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọ́fíìsì ló ni iṣẹ́ náà, àti pé orúkọ ẹnikẹ́ni tàbí àmì ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hàn lára rẹ̀. Eufrosina kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe obìnrin tó ń pariwo.

"Ìwọ lo kọ ọ́, àwọn ni wọ́n máa sọ pé àwọn kọ ọ́. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Chencho ní, "Gbogbo ìlú mọ ọwọ́ mi."

"Bí gbogbo ìlú bá mọ ọwọ́ rẹ, kí ló dé tí fóònù rẹ kì í dún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun èmi tí mo kàn ń gbọ́ ọ, ká tó wá sọ ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí. Chencho mú bíírò. Ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó dá a padà fún Itzel, ó sì ní iṣẹ́ ni iṣẹ́.

Iwájú gbogbo ọ́fíìsì ló ti ya àmì ńlá náà fúnra rẹ̀, lórí pákó tó gùn ju ènìyàn lọ. Mo wà níbẹ̀, nítorí ó ní bí òun kò bá rí ẹni tó mọ òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ọwọ́ òun kò ní í rọ̀. Ó fi okùn àti ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà pupa, ó sì kọ orúkọ eré náà bí a ṣe ń pè é níbí: "Dos Mares." Ó fi àwọ̀ búlúù ṣe òjìji wọn sí apá òsì, ó fi pupa rúsúrúsú yí wọn ká. Nígbà tó kan S tó kẹ́yìn, ó di èémí mú, ó fa ìrù rẹ̀ padà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà bí ìgbì omi, láìgbé ọwọ́ sókè. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ó fi tọ́ ibí, ó fi tọ́ ọ̀hún, ó ní ó tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò pákó náà, wọ́n sì gbé e fún àwọn atẹ̀wé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni wọ́n ṣí i lójú, ní òpópónà ńlá tó wà láàárín ìlú. Aṣọ tí wọ́n tẹ àmì náà sí gùn láti òkè ilé alájà méjìlá dé ìsàlẹ̀. Wọn kò fún wa ní ìjókòó. Èmi, Chencho àti Eufrosina dúró lẹ́yìn irin tí wọ́n fi dènà èrò. Ìlù dún, aṣọ funfun tó bò ó já bọ́, gbogbo èèyàn sì ké "háà". Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo sunkún. Pátákó omi èso mi gan-an ló wà lókè yẹn, ó tóbi bí ilé, ó pupa, ó ń dán nínú oòrùn.

Eufrosina di mí lápá mú. "Amparo, wo ìsàlẹ̀."

Mo wo ìsàlẹ̀. Lábẹ́ ìrù S, níbi tí ìgbì omi náà ti ká padà, nọ́ńbà mẹ́wàá wà lórí ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga bí ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà fóònù Chencho ni.

Kí ẹ tó bá a wí, ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe rí. Nílùú wa, ẹni tó bá kọ pátákó gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, wínníwínní, kí ẹni tí iṣẹ́ náà bá wù lè rí i pè. Bí kò bá sí nọ́ńbà níbẹ̀, a ò gbà pé iṣẹ́ náà ti parí. Nọ́ńbà Chencho wà lábẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ Wenceslao, ó wà lábẹ́ edé, ó wà lábẹ́ omi èso mi, àwọn ọmọ wa tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó mọ nọ́ńbà ilé tiwọn. Ó ti kọ ọ́ sára ògiri tó pọ̀ débi pé ọwọ́ rẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ orí mọ́. Lórí pákó yẹn, ó kéré bí èèrà. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì rí i, wọ́n rò pé ìfófòó omi òkun ni.

Chencho kò tíì sọ̀rọ̀ nígbà tí fóònù dún lápò rẹ̀. Ó wò ó. Ó gbé e. "Olmedo tó ń kọ pátákó nìyí, kí ni mo lè bá yín ṣe?"

Ọkùnrin kan ni, ó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Kò tíì pa á tán tí òmíràn wọlé. Ẹnì kan pè láti Lima láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà gidi ni. Oníròyìn pè. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé torta ẹlẹ́yin méjì, ìyẹn búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹyin sí, wá fún òun, Chencho sì fún un ní nọ́ńbà ẹni tó ń ta torta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣọmọlúwàbí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ìpè ti lé ní igba. Ohun tó ti ń fẹ́ láti ọdún pípẹ́ ti dé, fóònù ń dún bí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní ògiri.

Ní ọjọ́ Ajé ni Licenciado Urrutia ránṣẹ́ pè é. Mo bá a lọ. Ọkùnrin gíga ni Urrutia, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù ba èèyàn. Ó ti fi pósítà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mọ́kànlélógójì. Ó tẹ́ ìwé tí Chencho fọwọ́ sí kalẹ̀. Chencho kò jiyàn. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun kọ ọ́ ni.

"Báwo lẹ ṣe kọ nọ́ńbà mẹ́wàá láìmọ̀?"

"Bí ẹ ṣe fọwọ́ sí ìwé yìí náà ni, Licenciado. Ṣé ẹ ka lẹ́tà orúkọ yín kí ẹ tó kọ ọ́?"

Urrutia kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé gbogbo lẹ́tà náà sọnù, kí wọ́n wá èyí tí ẹ̀rọ ṣe. Ara mi gbóná. Ṣùgbọ́n Itzel, ọmọ tí kì í gbé ohùn sókè, ló dìde.

Ó ní, "Ọ̀gá mi, àwa la rí i tí a ò rí i. Ọdún kan la fi wá nǹkan tó jọ ìlú yìí. Bí a bá gbé e sọnù nítorí nọ́ńbà fóònù, ẹ wá ẹlòmíràn tó máa bá yín ṣe é."

Urrutia ká ìwé náà padà. Ó ní ó dára, kí Chencho tún un yà lójú òun, kí ó sì so ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Chencho tún un yà. Lẹ́tà pupa, òjìji búlúù, ìrù S. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, mo rí i tí búrọ́ọ̀ṣì kékeré dé etí pákó, tó dúró, tó sì padà. Ó gbé e sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. A wò ó. Nǹkan kan ṣe é. Urrutia fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ orí sápá kan, bí ẹni tó ń wo fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ ní wíwọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni Chencho ti ń gbé ọ̀rọ̀ lé orí nọ́ńbà yẹn, nígbà tí wọ́n sì fà á yọ, gbogbo àmì náà fẹ́ dà sápá òsì. Itzel ní kí wọ́n fi ọjọ́, oṣù àti ọdún eré náà sí i. Chencho kọ ọ́ síbẹ̀, àmì náà sì dìde dúró. Ó dára. Mi ò lè parọ́, ó dára gan-an. Ó sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì pé òun kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ àdírẹ́sì ilé onílé sára lẹ́tà.

Wọ́n pààrọ̀ aṣọ ara ilé alájà méjìlá náà. Ìpè dínkù sí ogún, ó dínkù sí mẹ́ta, kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tí fóònù náà fi dákẹ́ pátápátá. Chencho padà sórí àpótí rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ wà níbi gbogbo, lára bọ́ọ̀sì, lára ife, lára fìlà tí àwọn ọmọdé ń dé. Àwọn oníròyìn bá Urrutia sọ̀rọ̀, ó ní ẹgbẹ́ òun ló ṣe é. Chencho ní òótọ́ ni, òun náà wà lára ẹgbẹ́. Inú bí mi sí i nítorí sùúrù yẹn. Èmi ò ní irú ẹ̀, mi ò sì fẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ ìṣíde eré náà, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n fún Chencho. Àwa tó kù lọ́jà ra tiwa, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wá, gbogbo wa sì wà lókè pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń ta ìjókòó fún àwọn tí kò lówó. Chencho àti Eufrosina fi tiwọn sílẹ̀ fún ọmọ àti àna wọn, wọ́n gòkè wá bá wa. Ọ̀sán ni, oòrùn mú, àwọn eléré ń wọlé ní orílẹ̀-èdè kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n kọ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan sórí pátákó níwájú wọn. Nígbà tí àwọn ará Nueva Zelanda ń kọjá, mo fi ìgúnpá gún gbogbo ẹni tó wà nítòsí mi. "Ẹ wo Z yẹn. Karọ́ọ̀tì mi ni."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ́ àmì ńlá náà sórí pápá, igba èèyàn ló gbé aṣọ rẹ̀. Ó bo koríko mọ́lẹ̀. Gbogbo pápá dìde. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú wa, tí a kò mọ̀ rí, yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní nǹkan tí kọ̀ǹpútà lè ṣe láyé ìsinsìnyí, ó kọjá àfẹnusọ.

Chencho gbọ́ ọ. Ó jókòó padà, ó fi ọwọ́ sí àárín orúnkún, ó ń wo ilẹ̀. Mo rí i, n kò sì lè fara dà á mọ́. Mo gun orí ìjókòó mi, mo fi gbogbo ohùn tí mo fi ń polówó ọsàn ké nọ́ńbà rẹ̀, méjì-méjì bí a ṣe ń ka nọ́ńbà fóònù níbí.

Chencho fà mí láṣọ. "Comadre, jókòó. Mo ti fọwọ́ síwèé."

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i. Èmi ò fọwọ́ sí nǹkan kan."

Mo tún un ké. Wenceslao bá mi gbè é, ìyẹn sì ní ohùn bí akọ màlúù. Kí n tó mọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gọ́ta ló ń ké e, nítorí kò sẹ́ni tó ní láti wo ìwé. Ìparí rẹ̀ ló dùn lẹ́nu jù: méjìdínlógún, méjìdínlógún, pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún wa rò pé orin eré náà ni, wọ́n bá wa kọ ọ́. Àwọn ará ìlú wa kì í béèrè ìdí kí wọ́n tó dá sí orin ní pápá ìṣeré. Ó lọ láti ìlà sí ìlà, ó yí pápá ká, ó padà dé ọ̀dọ̀ wa láti apá òsì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu ló ń pe nọ́ńbà fóònù compadre mi. Mo mọ̀ pé Urrutia wà nísàlẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn ńlá. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí etí rẹ̀ má di.

Nínú ariwo yẹn ni fóònù dún. Eufrosina ló kọ́kọ́ rí iná rẹ̀ lápò ẹ̀wù ọkọ rẹ̀. Chencho yọ ọ́, ó wò ó, ó gbé e, ó ki ìka bọ etí kejì.

"Olmedo tó ń kọ pátákó nìyí."

Ohùn obìnrin ni, a gbọ́ ọ nítorí pé òun náà ń pariwo. Ó ní òun wà ní òdìkejì pápá. Ó ní òun kàn tẹ nọ́ńbà tí gbogbo èèyàn ń ké ni, kí òun lè mọ ẹni tó ni ín.

Chencho wo aṣọ tó wà lórí pápá, ó wò ó láti D títí dé ìrù S. Eufrosina gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Ó ní, "Ṣé ẹ rí lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ yẹn? Èmi ni mo kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀."

Ọkùnrin tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó la ẹnu sílẹ̀. Obìnrin tó wà lórí fóònù náà ní ẹja díndín lòun ń tà ní Xochimilco, òjò ti fọ gbogbo nǹkan tó wà lójú ògiri òun dànù, àwọn ọmọ òun ní kí òun lọ lẹ rọ́bà mọ́ ọn, òun ò sì fẹ́. Ó béèrè bóyá Chencho lè wá wo ògiri náà.

"Ògiri yín," Chencho ní, ó ti kẹ̀yìn sí pápá àti sí gbogbo wa, ó ń fọwọ́ wá pẹ́ńsù lápò, "ṣé oòrùn àárọ̀ ló ń bà á ni, àbí ti ìrọ̀lẹ́?"